Àṣìṣe Tí Ó Di Ìlànà: Ìtàn Gbígbá Àtẹ́lẹwọ́ Nínú Eré Tẹníìsì

Bí ènìyàn bá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tí ó ń wo àwọn ògbóǹtarìgì eré tẹníìsì, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ gba àfiyèsí rẹ̀ ni bí wọ́n ti ń fi gbogbo ara gbá bọ́ọ̀lù tí ó bá bọ́ sí ìhà ọwọ́ tí wọ́n fi di rákẹ́ẹ̀tì mú. Èyí ni à ń pè ní gbígbá àtẹ́lẹwọ́, nítorí pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ń gbá a ni ó kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Èkejì rẹ̀ ni gbígbá ẹ̀yìn ọwọ́. Rákẹ́ẹ̀tì á lọ sí ẹ̀yìn, á sọ̀kalẹ̀ kọjá ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù, á tún fi agbára gòkè wá, a ó sì rí i tí ó parí ìrìn rẹ̀ ní èjìká kejì, tàbí kí ó tilẹ̀ fò kọjá lókè orí. Bọ́ọ̀lù náà á ga kọjá àwọ̀n bí ẹni pé yóò jáde kúrò nínú pápá, ṣùgbọ́n lójijì á dorí kodò, á bọ́ sínú ìlà, á sì ta sókè dé èjìká ẹni tí ó ń dúró dè é lódìkejì.

Bí ọmọdé kan bá gbá bọ́ọ̀lù báyìí níwájú olùkọ́ tẹníìsì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1950, ìbáwí ni ì bá fi gbà. Ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ ìgbà náà ń kọ́ni kò lọ́jú pọ̀: kí ọmọ fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí àwọ̀n, kí ó gbé ẹsẹ̀ òdìkejì síwájú, kí ó mú ọrùn ọwọ́ le, kí ó sì ti rákẹ́ẹ̀tì lọ tààrà sí ibi tí ó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ. Ọmọ tí ó bá dojú kọ àwọ̀n nígbà tí ó ń gbá a, aláìmọ̀kan ni wọ́n kà á sí. Èyí tí ó bá ń fi rákẹ́ẹ̀tì ha bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ sókè, wọ́n á ní àṣejù ni ó ń ṣe. Lónìí, ohun tí wọ́n ì bá torí rẹ̀ bá ọmọ náà wí gan-an ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Barcelona àti ní Florida. Báwo ni àṣìṣe ṣe di ìlànà? Ìdáhùn tí ó yá ènìyàn lẹ́nu jù ni pé àwọn ará àtijọ́ kò mọ̀, àwọn ará òde òní ni ó mọ̀. Ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ìtàn yóò ti fi hàn.

Kí á tó lọ sínú ìtàn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀lù nínú afẹ́fẹ́. Gígùn pápá tẹníìsì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 78. Àwọ̀n pín in sí méjì ọgbọọgba, 39 níhìn-ín, 39 lọ́hùn-ún. Gíga àwọ̀n náà ní àárín sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹni tí ó bá dúró sí ìlà ẹ̀yìn tí ó sì fi agbára gbá bọ́ọ̀lù pẹrẹsẹ wà láàárín ewu méjì: bí bọ́ọ̀lù bá relẹ̀ díẹ̀, àwọ̀n yóò mú un, bí ó bá ga díẹ̀, yóò bọ́ sí ẹ̀yìn òde. Àlàfo tí ó wà láàárín ewu méjèèjì kò fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fún sí i bí agbára bá ti ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ń pòòyì bí ó ti ń lọ, ọ̀ràn yí padà. Pípòòyì tí à ń wí yìí kì í ṣe ti òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta, tí ó ń dúró lóòró lójú kan. Ó dà bí ti táyà ọkọ̀ tí ó ń yí lọ síwájú. Bọ́ọ̀lù tí ó bá ń yí báyìí, afẹ́fẹ́ a máa tì í sí ìsàlẹ̀, bí ó bá sì ti ń yí kíákíá sí i ni afẹ́fẹ́ ń tì í gidi sí i. Nítorí náà ẹni tí ó gbá a lè gbé e ga ju àwọ̀n lọ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó gbá a kíkankíkan, kí ó sì mọ̀ pé yóò wálẹ̀ kí ó tó dé ìlà.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun rárá. Ní ọdún 1672, Isaac Newton kọ ìwé kan nípa ìmọ́lẹ̀, ó sì mẹ́nu bà á nínú rẹ̀ pé òun ti rí bọ́ọ̀lù tẹníìsì tí ó rìn kọrọkọrọ nígbà tí a fi rákẹ́ẹ̀tì gbá a ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Tẹníìsì àtijọ́ tí wọ́n ń gbá nínú ilé ni ó ń wí. Ní ọdún 1877, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lord Rayleigh, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìrìn kọrọkọrọ bọ́ọ̀lù tẹníìsì nínú afẹ́fẹ́. Ọdún yẹn náà ni ìdíje Wimbledon kọ́kọ́ wáyé. Kí ìwé àwọn olùkọ́ tẹníìsì tó dé rárá ni ìdí ọ̀ràn náà ti wà nínú ìwé àwọn onísáyẹ́ǹsì.

Ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Walter Wingfield ni ó gba àṣẹ ìjọba fún eré orí koríko ní 1874. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ inú eré náà ti inú àwọn eré rákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbá nínú ilé wá, níbi tí ó ti dára kí a gé bọ́ọ̀lù láti òkè sí ìsàlẹ̀ kí ó lè kú sí ẹsẹ̀ ògiri. Wọ́n gbé àṣà yẹn wọ orí koríko. Síbẹ̀ Herbert Lawford, tí ó borí ní Wimbledon ní 1887, lókìkí fún gbígbá àtẹ́lẹwọ́ tí ó ń mú kí bọ́ọ̀lù pòòyì síwájú, débi pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú gbígbá bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ nìkan ni ó ń darí iṣẹ́ ọwọ́, ti Lawford ni gbogbo ayé ì bá máa gbá láti ìgbà náà.

Ilẹ̀ ni kò gbà. Orí koríko, bọ́ọ̀lù kì í ta sókè púpọ̀. Yíyọ̀ ni ó ń yọ̀ lọ ní ìwọ̀n orúnkún. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ láti ìlà ẹ̀yìn ní láti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí àyè tí rákẹ́ẹ̀tì yóò gbà sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ó sàn fún un kí ó sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n, kí ó gbá a kí ó tó kan ilẹ̀. Ìdìmú tí ó bá èyí mu ni ti ẹni tí ó di òòlù mú láti kan ìṣó: ó ń gé bọ́ọ̀lù dáadáa, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́ láìjẹ́ pé a yí ọwọ́ padà.

Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ní California, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ pápá níbẹ̀, bọ́ọ̀lù sì máa ń ta dé àyà àti èjìká. Àwọn ọmọ tí ó dàgbà lórí sìmẹ́ǹtì yìí kọ́ láti di rákẹ́ẹ̀tì mú láti ìsàlẹ̀, bí ẹni gbé páànù ìdínran kúrò lórí iná, tí àtẹ́lẹwọ́ wà lábẹ́ igi rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti wá ni a fi sọ ìdìmú náà lórúkọ: Ìdìmú Ìwọ̀-Oòrùn. Èyí tí ó wà ní agbedeméjì, tí ó dà bí ẹni ń bọ ènìyàn lọ́wọ́, ni wọ́n pè ní Ìdìmú Ìlà-Oòrùn. Nínú àwọn ọmọ sìmẹ́ǹtì wọ̀nyí ni Bill Johnston ti jáde, ará San Francisco, ènìyàn kúkurú tí wọ́n ń pè ní Bill Kékeré. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ba àwọn alátakò rẹ̀ lẹ́rù. Ó borí nínú ìdíje Amẹ́ríkà ní 1915 àti ní 1919, ó sì borí ní Wimbledon ní 1923, lórí koríko tí àwọn kan ń sọ pé kò gba irú ọwọ́ rẹ̀.

Àmọ́ Bill mìíràn wà, Bill Tilden, tí wọ́n ń pè ní Bill Ńlá. Láti 1920 títí dé 1925, ìgbà márùn-ún ni ó na Johnston nínú àṣekágbá ìdíje Amẹ́ríkà. Tilden mọ bí a ti ń gé bọ́ọ̀lù kí ó relẹ̀, ó sì mọ ìwé kọ pẹ̀lú. Ohun tí ó bá kọ ni àwọn olùkọ́ ń kà. Ìdìmú Ìlà-Oòrùn ni ó fara mọ́. Bí ọlá Ìdìmú Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọmi nìyẹn. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò lónìí yóò rí i pé Tilden ni ó na Johnston. Ìdìmú kan kọ́ ni ó na ìdìmú kejì. Ṣùgbọ́n báyìí kọ́ ni ayé ṣe ń dájọ́. Fred Perry ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún wá borí ní Wimbledon lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, 1934, 1935 àti 1936, pẹ̀lú ìdìmú onítòòlù, tí ó ń sáré pàdé bọ́ọ̀lù kí ó tó ga. Nínú ìdíje ńlá mẹ́rin tí ó wà láyé, orí koríko ni wọ́n ń gbá mẹ́ta títí di 1974. Paris nìkan ni ó wà lórí ilẹ̀ amọ̀ pupa. Ohun tí koríko bá ti fẹ́, òun ni ìwé ń pè ní èyí tí ó tọ́.

Irú ẹjọ́ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tí ń kọ́ni ní èdè. Ẹ̀ka èdè tí àwọn alágbára ń sọ ni ìwé gírámà máa ń gbé lárugẹ, a ó sì máa fi pọ́nńsù pupa fa ìlà sábẹ́ ohun tí ọmọ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Láàárín 1930 sí 1970, kò sí ẹni tí ó lè ka iye ọmọ tí a bá wí títí tí wọ́n fi sọ àtẹ́lẹwọ́ tí ó bá ara wọn mu nù.

Ọmọ kan tí a kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni Björn Borg, tí a bí ní ilẹ̀ Sweden ní 1956. Bàbá rẹ̀ ni ó borí nínú ìdíje tẹníìsì orí tábìlì kan, tí ó sì gba rákẹ́ẹ̀tì tẹníìsì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn náà ni ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì yóò mọ ibi tí ọwọ́ Borg ti wá. Ó ń dojú kọ àwọ̀n, ìdìmú rẹ̀ wà lábẹ́ igi, ó ń jẹ́ kí rákẹ́ẹ̀tì sọ̀kalẹ̀, ó sì ń fi í gòkè kọjá lára bọ́ọ̀lù. Percy Rosberg ni olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì fi í sílẹ̀ kí ó máa gbá a bẹ́ẹ̀. (Olùkọ́ yìí kan náà ni ó gba Stefan Edberg níyànjú lẹ́yìn náà pé kí ó fi ọwọ́ méjì sílẹ̀, kí ó máa fi ọwọ́ kan gbá ẹ̀yìn ọwọ́, àwọn méjèèjì ni ó di ọ̀gá ní Wimbledon. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.)

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ wo bí agbára ṣe ń rìn nínú irú gbígbá yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tí ń wòran ti máa ń ṣì í. Wọ́n rò pé apá ni ó ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ yí èjìká rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á sì fi ìwúwo ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà á fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Ìbàdí á kọ́kọ́ yí síwájú, àyà á tẹ̀lé e, èjìká á tẹ̀lé àyà, apá á tẹ̀lé èjìká, rákẹ́ẹ̀tì ni yóò sì dé kẹ́yìn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń dẹwọ́ ni ó ń fi agbára lé èyí tí ó tẹ̀lé e lọ́wọ́. Ọmọ tí ó ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko rí mọ ọ̀rọ̀ yìí láìsí olùkọ́: ọwọ́ kì í yára tó òkúta. Ìgbà tí ọwọ́ bá dúró ni òkúta ń lọ.

Bọ́ọ̀lù kì í sì pẹ́ lára okùn rákẹ́ẹ̀tì. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan ni gbogbo ìpàdé wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùkọ́ ń sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù pòòyì gbọ́dọ̀ yí ọrùn ọwọ́ bo orí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí kámẹ́rà tí ó ń ya àwòrán kíákíá dé, ó hàn gbangba pé kò sí ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀, kódà àwọn tí ó rò pé àwọn ń ṣe é. Ní àkókò ìpàdé yẹn, ojú rákẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Gígòkè rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ni ó ń mú bọ́ọ̀lù pòòyì. Yíyí tí ojú ń rí, bọ́ọ̀lù ti lọ kí ó tó wáyé. Ọ̀gá lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dé góńgó, kí ó má sì lè ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti rí.

Pẹ̀lú ọwọ́ tí ìwé kò fẹ́ yìí, Borg gba ife Paris lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín 1974 sí 1981. Ó tún gba ti Wimbledon lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, láti 1976 dé 1980, lórí koríko kan náà tí wọ́n ní kò gbà á. Rákẹ́ẹ̀tì onígi ni ó lò, tí a fa okùn rẹ̀ le dé nǹkan bí 80 pọ́n-ùn. Ní àṣekágbá Paris ní 1978, ó pàdé Guillermo Vilas ti Argentina, ọlọ́wọ́ òsì tí òun náà ń mú kí bọ́ọ̀lù pòòyì. Borg nà án ní 6–1, 6–1, 6–3. Kì í ṣe pé ọwọ́ méjì tí kò jọra pàdé lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó lè ṣe ohun kan náà pẹ́ jù láìṣe àṣìṣe ni ó borí.

Ilẹ̀ kò tí ì dákẹ́ ṣá o. Ní Wimbledon ní 1983, nínú ìpele àkọ́kọ́, Vilas tí wọ́n fi sí ipò kẹrin nínú àwọn tí a retí pé yóò borí pàdé Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní Èkó tí ó sì lọ kàwé ní Yunifásítì Houston. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Odizor gba mẹ́ta tí ó kù, ó sì ń bá ìdíje náà lọ títí dé ìpele kẹrin. Bọ́ọ̀lù Vilas tí ó máa ń ta dé èjìká lórí amọ̀ pupa kì í ga tó bẹ́ẹ̀ lórí koríko, Odizor sì ń ṣe ohun tí koríko fẹ́: ó ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ará ilé ni ó yọ̀ nítorí ọmọ wọn. Ẹni tí ó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti ọwọ́ ní ohun mìíràn láti rí níbẹ̀.

Ohun tí ó wá yí ọ̀ràn padà pátápátá ni irinṣẹ́. Howard Head, ará Amẹ́ríkà tí ó ti kọ́kọ́ fi irin ṣe pákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, gbé rákẹ́ẹ̀tì onírin jáde ní 1976. Ojú rẹ̀ tó 110 íǹṣì onígun mẹ́rin, nígbà tí ti onígi kò ju 65 tàbí 70 lọ. Ẹni tí ó bá ń fi rákẹ́ẹ̀tì kékeré ha bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ sókè wà nínú ewu kí etí rákẹ́ẹ̀tì kan bọ́ọ̀lù. Pẹ̀lú èyí tí ó fẹ̀, ewu náà dín kù púpọ̀. Ohun tí ọwọ́ àrà ọ̀tọ̀ Borg nìkan lè ṣe di ohun tí ọmọ iléèwé lè dán wò. Lẹ́yìn tí Yannick Noah borí ní Paris ní 1983, kò sí ọkùnrin tí ó tún fi rákẹ́ẹ̀tì onígi gba ọ̀kan nínú ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Okùn náà ní ìtàn tirẹ̀, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. Ní 1977, rákẹ́ẹ̀tì kan tí ará Jámánì kan ṣe gbòde, tí okùn rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, tí wọ́n fi ike wé. Okùn wọ̀nyí máa ń yọ̀ lórí ara wọn, wọ́n á sì ta padà, bọ́ọ̀lù á sì pòòyì lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ní oṣù October ọdún yẹn, ní Aix-en-Provence ní ilẹ̀ Faransé, Ilie Nastase fi í na Vilas ní sẹ́ẹ̀tì méjì. Vilas bínú kúrò lórí pápá, ibẹ̀ sì ni ìgbà 53 tí ó ti ń borí léraléra lórí amọ̀ ti parí. Wọ́n fòfin de rákẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà náà ni àwọn aláṣẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé òfin eré kò tilẹ̀ sọ ohun tí rákẹ́ẹ̀tì jẹ́. 1978 ni wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1997, kí Gustavo Kuerten, ará Brazil tí ó wà ní ipò 66 láyé, tó fi okùn pọlíẹ́sítà borí ní Paris. Okùn ìfun ẹran tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń há mọ́ ibi tí ó bá yọ̀ sí. Pọlíẹ́sítà ń yọ̀, ó sì ń ta padà kí bọ́ọ̀lù tó kúrò. Ohun tí a lé jáde láti ẹnu ọ̀nà iwájú ní 1977 gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kò sì sí ẹni tí ó dá a dúró.

Èso rẹ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ Rafael Nadal, ará Spain tí ó gba ife Paris lẹ́ẹ̀mẹrìnlá láàárín 2005 sí 2022. Nígbà tí John Yandell, ará Amẹ́ríkà, fi kámẹ́rà wọn yíyí bọ́ọ̀lù, ó rí i pé bọ́ọ̀lù Pete Sampras àti ti Andre Agassi ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,800 sí 1,900 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti Roger Federer tó 2,700. Ti Nadal tó 3,200, ó sì ń súnmọ́ 4,900 nígbà mìíràn. Síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún sọ èyí di òfin tuntun tí a ó fi máa na ọmọ. Ìdìmú Federer kò jìnnà sí ti ẹni tí ń bọ ènìyàn lọ́wọ́. Steffi Graf, tí ó gba ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti wúrà Òlíḿpíìkì nínú ọdún kan ṣoṣo, 1988, ń gbá àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ ní pẹrẹsẹ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ara náà sì ń san owó rẹ̀. Yíyí ìbàdí kíkankíkan láìgbé ẹsẹ̀ síwájú, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lọ́dún, kì í ṣe ohun kékeré. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Kuerten ní ìbàdí ní 2002 àti ní 2004, kò sì padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣe tirẹ̀ fún Nadal ní 2023. Ó fi eré sílẹ̀ ní 2024. A kò lè fi gbogbo ẹ̀bi ru gbígbá àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní irú gbígbá yìí ní láti mọ iye tí ó ń béèrè lọ́wọ́ egungun tí kò tí ì gbó.

Borg ti fi eré sílẹ̀ ní 1983, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 26. Ní oṣù April 1991 ó padà sí pápá ní Monte Carlo, lórí amọ̀ pupa tí ó ti jọba lé lórí. Rákẹ́ẹ̀tì onígi ni ó mú wá. Jordi Arrese, ará Spain, ni ó dúró lódìkejì pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì ìgbà tuntun, ó ń fi í ha bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ sókè gẹ́gẹ́ bí Borg ti kọ́ ayé láti ṣe é. Arrese borí ní 6–2, 6–3.